Orí Akẹ́kọ̀ọ́ Kì í Ṣe Irin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, inú yàrá kan ní ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni a fẹ́ mú yín lọ lónìí, ní ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta. Aago méjì ti lù. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n ń gbé inú yàrá tí a kọ́ fún ẹni méjì. Mẹ́rin ti sùn, ẹnì kan kò tíì dé, ẹni kẹfà jókòó ti ìwé. Obì gbàǹja ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ inú ike omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ. Ó ti ka ojú ìwé kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ń rí lẹ́tà, ó ń pe ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò wọlé. Láìpẹ́ àtàrí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ọrùn rẹ̀ gan bí igi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ bàbá rẹ̀ láago, ó ní, "Bàá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Orí mi ń gbóná, ìwé kò wọ̀ mí lórí mọ́."

Kí ni bàbá yóò dáhùn? Nínú ilé kan, yóò ní ìwà ọ̀lẹ ni ó ń da ọmọ náà láàmú, yóò sì ka iye owó tí ó ti ná lé e lórí fún un láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé mìíràn, ìyá yóò figbe ta pé àwọn ọ̀tá ti mú orí ọmọ òun, a ó sì sáré wá àdúrà, hàntú tàbí àgbo. Nínú ilé kẹta, wọn yóò ní kí ó ra oògùn ibà lò. Ilé tí a ó ti bi í léèrè pé, "Wákàtí mélòó ni o sùn lánàá, kí ni o sì jẹ?" kò pọ̀. Ìbéèrè méjì yìí ni ó mú wa kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ètò kan kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn Aró, èyí tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Dípò kí a ti àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá mọ́lé, a fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí tí yóò tọ́jú wọn. Wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n sì ń padà sí abúlé lálẹ́. Ní 1957 dókítà kan láti Kánádà, Raymond Prince, wá bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, ẹ̀dùn kan náà ni wọ́n sì ń mú wá: orí gbígbóná, ohun tí ń rìn nínú orí, ojú tí ń ṣú, ọrùn ríro, àti, ju gbogbo rẹ̀ lọ, àìlè lóye ohun tí wọ́n ń kà àti àìlè rántí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ti ní orúkọ fún un, brain fag, èyí tí a lè pè ní àárẹ̀ ọpọlọ. Ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira, Prince kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àárẹ̀ náà sì di ohun tí ayé mọ̀.

Ìtumọ̀ tí ó fún un ni ó yẹ kí àwa ọmọ ilẹ̀ yìí gbé yẹ̀ wò. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn òyìnbó ni kò bá ìwà wa mu: òyìnbó ń dá kàwé, ó ń dá ru ẹrù ara rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé inú àwùjọ tí a ti ń ṣe ohun gbogbo pọ̀, tí ìmọ̀ sì ń ti ẹnu bọ́ sí etí, ni àwa ti dàgbà. A bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà, ẹni tí ó fi sùúrù tẹ́tí sí àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì láìjẹ. Ta ni ó sọ pé ẹ̀kọ́ tí ó le jẹ́ àjèjì sí ilẹ̀ wa? Ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá ń lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ń kó ẹsẹ odù 256 sórí. Ọmọ kéú ní Ìlọrin àti ní Kánò ń kó odindi Kùránì sórí láti kékeré. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ awo ń jẹun nílé ọ̀gá rẹ̀, ó ń sùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sì sí ẹni tí ó so ọdún mẹ́wàá rẹ̀ mọ́ wákàtí mẹ́ta òwúrọ̀ kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìtàn orúkọ náà ni ó tún yà wá lẹ́nu jù. Ní 1994, ẹ̀dà kẹrin ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń to àrùn lẹ́sẹẹsẹ ka brain fag mọ́ àwọn àìlera tí ó jẹ́ ti àwọn ènìyàn kan lọ́tọ̀, ó sì fi í sí ẹsẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí a tó bí Lámbò rárá, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ yìí gan-an pe àárẹ̀ tí ń mú àwọn tiwọn tí wọ́n bá fi iṣẹ́ ọpọlọ ṣe àṣejù. Àwọn ni wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ nílé tiwọn, nígbà tí wọ́n sì tún bá a pàdé lẹ́nu wa, wọ́n ní tiwa ni. Ẹ̀dà karùn-ún ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2013, kò kà á mọ́ àwọn àìlera náà mọ́. Ní 2015, Dókítà Oyèdèjì Ayọ̀ńrìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tú ìtàn náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lápá kan lè rò pé orí ènìyàn dúdú nìkan ni ìwé ń dùn, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan nílẹ̀ wa gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú kíláàsì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Mórákinyọ̀ ti Yunifásítì Ifẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn yọ sí i. Ní 1980 ó gbé èrò kan jáde pé àwọn tí àárẹ̀ yìí ń mú ni àwọn tí ìfẹ́ láti yege ń jó nínú wọn bí iná, tí wọ́n ń fi ohun tí ń lé oorun lọ dá oorun dúró lóru dé òru, títí ara yóò fi kọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí, a rẹ́rìn-ín ara wa, nítorí àwa tí a ń kọ ìwé yìí náà ti ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù rí. Ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ ni pé a sùn lọ lórí ìwé ìdáhùn ní ọjọ́ ìdánwò, tí itọ́ wa sì pa ìdáhùn kejì rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí obì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láti òwúrọ̀ tí a bá ti jí ni ohun kan ti ń gbára jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ. Òun ni ó ń sọ fún wa lálẹ́ pé àkókò oorun tó. Kaféènì, èròjà tí ń bẹ nínú obì, nínú kọfí, nínú tíì àti nínú àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ nísinsìnyí, a máa lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ohun náà ń gbà wọlé. Kò lé e lọ. Kò san gbèsè oorun. Ńṣe ni ó di onílé létí kí ó má baà gbọ́ ìró olówó tí ń kan ilẹ̀kùn. Nǹkan bí wákàtí márùn-ún sì ni ó ń gba ara kí ó tó lo ìdajì rẹ̀ tán, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó jẹ obì ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì lè ní ìdajì agbára rẹ̀ lára ní aago mẹ́ta òru. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ó yẹ kí ó gba ìwé ti sú. Bí ó bá wá bọ́ sórí ibùsùn, oorun kò ní wá, yóò sì rò pé aráyé ni ó gba oorun lójú òun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ni pé inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí ààyè rẹ̀. Ẹni tí ó kàwé mọ́jú, èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì wa ń pè ní TDB, dà bí àgbẹ̀ tí ó kórè láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ tí kò sì kó irè wọ inú aká. Ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin ọdún 18 sí 25 nílò oorun wákàtí 7 sí 9 lóru kan. A mọ̀ pé àwọn kan yóò kà á, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín, nítorí ariwo ẹ̀rọ amúnáwá, ooru àti ẹ̀fọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn tó wákàtí mẹ́rin, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Yàrá ẹni méjì tí a kó ẹni mẹ́fà sí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera gẹ́gẹ́ bí omi tí kò mọ́ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Ṣùgbọ́n kí ni ń lé ọmọ náà tí kò fi lè fi ìwé sílẹ̀? Níhìn-ín ni a gbà pé Prince rí nǹkan. Ọmọ kan kì í dá lọ sí yunifásítì nílẹ̀ wa. Ní 1938 ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò dá owó jọ, wọ́n sì fi rán ọmọ wọn mẹ́fà lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú ní ilẹ̀ Ìgbò náà ṣe irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kòkó ni ó rán ọ̀pọ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí a kò ti mọ̀wé rí ni ó ní ọmọ tí ń kàwé. Ohun ìyangàn ni èyí fún wa, a kò sì ní yé fi yangàn. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Bàbá tí ó ta ilẹ̀, ìyá tí ó kó owó àjọ, ẹ̀gbọ́n tí ó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ kí ti àbúrò lè ṣeé ṣe, gbogbo wọn ni wọ́n bá a jókòó lórí àga kan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbólóhùn tí a fi ń parí rẹ̀ ni, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe," tàbí, "Ìwọ ni gbogbo wa ń wò o." Ọ̀rọ̀ ìyànjú ni lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́. Ní aago méjì òru, lórí ojú ìwé tí kò yéni, ẹrù ni.

Ó sì ṣòro fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Yóò sọ pé orí ń ta òun. Àwọn baba wa ti ní orúkọ fún nǹkan tí ń rìn nínú orí, wọ́n ń pè é ní ọdẹ orí. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Mákanjúọlá ti Ifẹ̀ kọ̀wé lórí àwọn tí wọ́n wá gba ìtọ́jú nítorí rẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ìbànújẹ́ tàbí àníyàn ti wọ̀ lára. Ara ni ọkàn ń gbà sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa. Olùkọ́ tí ọmọ bá wá bá pé orí òun gbóná, tí ó sì lé e jáde pẹ̀lú oògùn orí fífọ́ méjì, ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

A kò lè sọ̀rọ̀ orí kí a má kan ikùn. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1948, inú ilé ìwòsàn àtijọ́ tí àwọn ológun fi sílẹ̀ ni a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 àkọ́kọ́ sí, ilé ẹ̀kọ́ sì ni ó ń bọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò sì kéré rí láàrin wọn: inú ẹ̀hónú lórí bíbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwọ́de ti yọ ní Ìbàdàn, èyí tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa Kúnlé Adépéjù ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1971. Ní 1978, nígbà tí ìjọba sọ owó oúnjẹ ojúmọ́ kan di náírà méjì láti náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀, gbogbo yunifásítì gbiná láti Èkó títí dé Zaria. Ní 1984 ìjọba ológun yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú bíbọ́ wọn pátápátá. Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti ń dá iná ara rẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ti dá ìṣirò kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ka oúnjẹ ojúmọ́: 0-1-0 ni ẹni tí ó jẹun lọ́sàn-án nìkan, 0-0-1 ni ẹni tí ó dúró di alẹ́. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Gààrí mímu ni ó sábà ń jẹ́ ọ̀kan yẹn. Àwọn àgbà tí wọ́n kàwé nígbà tí a ń fún wọn ní adìẹ ní ọjọ́ Ìsinmi a máa sọ pé ọmọ ìsinsìnyí kò ní ìfaradà. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mu gààrí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì wá ka ìwé òfin.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíramà, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ yín tí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kàwé kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Ọmọ awo tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í tẹjú mọ́ nǹkan láti alẹ́ mọ́jú. Díẹ̀ ni ó ń gbà lóòjọ́, ó ń kà á padà fún ọ̀gá rẹ̀ láti orí, ibi tí ó bá ti ṣìnà ni a ti ń tún un ṣe, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ a ó tún bi í léèrè. Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti fi ìdánwò rí i pé ọ̀nà yìí, pípa ìwé dé kí a sì fa ohun tí a kà yọ láti inú orí, pẹ̀lú ìsinmi láàrin, ń mú kí ìmọ̀ pẹ́ lórí ju kíkà á léraléra lọ. Ọ̀nà àwọn baba wa ni, a sì ti fi í sílẹ̀ fún títẹ ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ọjọ́ ìdánwò ní àkókò. Ìdánwò mẹ́ta ní ọjọ́ méjì, tí a lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, obì ni ẹ ń fún wọn jẹ.

Òfin ti ń yí padà, bí ó tilẹ̀ ń rìn bí ìgbín. Ní oṣù kìíní 2023 ni Nàìjíríà ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, ní ipò òfin 1958 tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916, èyí tí ń pe aláìsàn ní asínwín. Òfin 2022 sì sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù ní adójútòfò ìlera. Ètò kan ti wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣáájú èyí, TISHIP ni wọ́n ń pè é. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó wọ inú rẹ̀, owó rẹ̀ wà lára owó tí a ń san ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti san án tí wọn kò sì mọ̀. Wọ́n ń lọ ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé àpótí kiri, nígbà tí dókítà tí wọ́n ti sanwó fún jókòó ní ìwọ̀n ìrìn díẹ̀ sí yàrá wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí aago yín bá dún ní òwúrọ̀ tí ẹ sì gbọ́ pé orí ń gbóná, ìwé kò wọlé, ẹ fi orúkọ ẹbí sílẹ̀ ná. Ẹ béèrè oorun, ẹ béèrè oúnjẹ, ẹ béèrè iye obì àti agolo tí ó ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé oorun ni, ẹ ní kí ó pa ìwé dé kí ó sùn lóru ọjọ́ náà, kí ó sì fi obì sílẹ̀ láti ọ̀sán. Bí ó bá sùn tí kò sì lọ, ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó gbà lọ: kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ tí ń sunkún orí ni awò ni wọ́n nílò, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tó, kí wọ́n sì wò ó bóyá ibà ni. Bí ó bá sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò rẹ́rìn-ín, tí oúnjẹ kò wù ú, tàbí tí ó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má ṣe dá a fi sílẹ̀ ní yàrá. Kí ẹnì kan nínú yín wọ ọkọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ náà, kí ẹ jọ lọ rí dókítà. Kí ó mú káàdì ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. Òun ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lẹ́nu ọ̀nà.